Ìyẹ̀ Igi

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi Sixten fi wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro
ní Göteborg, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀.
Lánàá, ó ka àwọn ibùdókọ̀ fún mi:
Järntorget. Stigbergstorget.
Ó fo Masthuggstorget,
níbi tí ìyá mi ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní
láìní owó ọkọ̀ lọ́wọ́.

Mi ò sọ nǹkan kan.

Lónìí, nọ́ọ̀sì Majken so rọ́bà mọ́ ọn lápá.
"Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, bàbá."
Ẹ̀jẹ̀ ṣíbí kan péré.
Láyé ọjọ́un, ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọn ì bá gún kí wọ́n tó rí omi fà.

Bí kòkòrò bá ń jẹ igi àjà,
ilé á ṣì dúró, ọ̀dà ara ògiri á ṣì máa dán;
ṣùgbọ́n ìyẹ̀ á máa bọ́ sílẹ̀, díẹ̀ díẹ̀.
Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mọ̀.
Ohun tí wọ́n ń wá nínú ìgò kékeré yìí nìyẹn:
èérún okùn ọpọlọ tó ti já,
tó ń bá ẹ̀jẹ̀ yí kiri bí èrò ọkọ̀ tí kò mọ ibi tí yóò sọ̀.

Ọjọ́ kẹjọ, èsì dé. Nọ́ńbà náà ga.
Bàbá mi wò ó títí,
ó ní, "Dókítà, ṣé ó sọ ibi tí mo fò?"

Dókítà ò mọ̀. Èmi mọ̀.
A wọ ọkọ̀ kọkànlá relé.
Nígbà tó dé Masthuggstorget,
mo fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀.
Ó ní, "Òjò yìí mà pọ̀ o.
Ta ló dúró síta yẹn?"