Ẹni Tí Kò Sín

Oṣù keje ni. Ní Klerksdorp, oṣù keje a máa bu ni jẹ.
Ìrì dì sórí páànù,
èéfín èédú ń fà nílẹ̀ bí ejò tí kò rí ihò,
òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn awakùsà kó jọ
jókòó lẹ́yìn ilé bí àgbà tí a kò kí.

Èmi ni mo ń gbé àpótí yìnyín kiri.
Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀, Ajé, Ọjọ́bọ̀,
ilé mẹ́rìnlá, imú méjìléláàádọ́rin.
Ẹ gbójú sókè, kò ní pẹ́.
Igi olówùú wọlé, igi olówùú jáde,
omijé díẹ̀, ó tán.
Àwọn ọmọdé sọ mí ní Ìyá Onímú.

Mma Galeboe kì í sunkún ní tirẹ̀.
"Ara mi le," ló máa ń wí.
"Ẹni tára rẹ̀ le, kí lo ń wá nímú rẹ̀?"
Mo rẹ́rìn-ín, mo kọ nọ́ńbà sára ìgò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Nomvuyo ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́,
ọmọ Xhosa tó ti ọ̀nà jíjìn wá,
ikọ́ tó ń gbọn abọ́ lórí pẹpẹ.
Ilẹ̀ mọ́, ibà mú Tumisang ọmọ ọwọ́,
ojú rẹ̀ pọ́n, ó kọ ọmú.
A kò pe ìpàdé tí ẹjọ́ fi dá:
ẹni tó wúkọ́ ló kó o wọlé.
Wọ́n ká ẹní Nomvuyo lọ sí ahéré páànù ẹ̀yìnkùlé,
níbi tí omi inú ike ń dì mọ́jú.
Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀.

Èsì dé lọ́jọ́ Ẹtì.
Mo kà á nínú ọkọ̀, mo tún un kà.
Nomvuyo: fúlúù. Tumisang: fúlúù.
Ṣùgbọ́n wo ọjọ́, ọmọ èèyàn, wo ọjọ́!
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ikọ́ àkọ́kọ́
ó ti wà nímú Oarabile,
ọmọ ọdún mẹ́tàlá tó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri,
tó ń jẹ páàpù títí abọ́ fi ń dán.
Kò sín lẹ́ẹ̀kan.
Lẹ́yìn tirẹ̀, ta ló tún kàn?
Mma Galeboe. Adájọ́ fúnra rẹ̀.

Mo ti fọwọ́ sí ìwé pé n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.
Ìwé fúyẹ́. Ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ló wúwo.

Lálẹ́, mo ka gbogbo rẹ̀ lórí tábìlì:
ẹni mẹ́tàlélógún ló gbé e lára nínú ilé mẹ́rìnlá mi,
mẹ́sàn-án kò mọ̀ pé àlejò sùn lọ́dọ̀ àwọn.
Dókítà Verhoef ní kí n má sọ ọ́ di òfin.
Ẹni tó jókòó nílé ìwòsàn de oníkọ̀ọ́, díẹ̀ ni yóò rí;
ẹni tó bá wá a nínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí òtútù bá lọ,
ó lè kà títí kó rẹ̀ ẹ́.
"Ibi tí o dúró sí," ó ní, "ló ń bá ọ kà á."

Ọjọ́ Ajé, mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn.
"Ìyá, ẹni tó ń wúkọ́ nìkan kọ́ ló ń gbé e."
"Ta wá ni?"
Bọ́ọ̀lù ń lu ògiri, gbò, gbò, gbò.
"Ó lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tára rẹ̀ le."

Kò fèsì. Ó wo àpótí yìnyín mi pẹ́.
Lọ́jọ́bọ̀, ẹní Nomvuyo ti padà sí yàrá,
ẹnikẹ́ni kò sọ ẹni tó gbé e wọlé.
Mma Galeboe gbójú sókè kí n tó ní kó gbé e,
igi olówùú wọlé, ó jáde,
ó wá di ọwọ́ mi mú.
"Ìyá Onímú," ó ní,
"ilé mẹ́rìnlá lò ń wọ̀.
Ta ló ń wo imú tìrẹ?"