Ohun Tí A Kò Sọ Fún Un

Ní Dàda, ìyá mi ń to ìkòkò sínú ọkọ̀ tó ń lọ Jẹ́bà.
Koríko gbígbẹ ló ń fi sáàárín wọn,
kí ẹnu má kan ẹnu, kí ìdí má gún ìdí.
Ó ní, "Mímọ ìkòkò kò le tó dídì rẹ̀.
Èyí tó bá fọ́ lọ́nà, èmi ni wọ́n máa bú, wọn ò ní bú títì."

Èmi náà ń di ẹrù.
Ẹrù tèmi kò wúwo:
èdè kan ni, tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà ro àròjinlẹ̀.
O kì í pàṣẹ fún un pé ṣe báyìí, ṣe báyẹn.
Ohun tó jẹ́ òtítọ́ ni wàá sọ fún un,
wàá sọ òfin tó so òtítọ́ mọ́ òtítọ́,
lẹ́yìn náà, wàá bi í ní ìbéèrè.
Yóò wọ ọ̀nà kan. Bí ọ̀nà bá dí,
yóò padà sí oríta, yóò gba òmíràn,
kò ní kanra, kò ní rojọ́.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ní Línúùsì lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè é,
kó dé, òun àti àwọn láìbúrárì rẹ̀,
kí kálukú mọ àyè tirẹ̀ nínú ilé.
Kò rọrùn bẹ́ẹ̀.
Láìbúrárì tó ń ka ọjọ́ ní òun ò níbi tóun ń lọ láìsí èyí tó ń ka ọ̀rọ̀.
Èyí tó ń ka ọ̀rọ̀ ń wá òmíràn, ẹ̀yà karùn-ún ló sì fẹ́;
ẹ̀kẹrin ló wà nílẹ̀.
Méjì ń du orúkọ fáìlì kan náà nínú àpótí kan náà:
ẹnu kan ẹnu.
Mo wá koríko.

Ní Tanke, aago méjì òru, jẹnẹrétọ̀ Bùsàírì onílé wa dákẹ́.
Ẹ̀rọ tó ń kọ́ ẹrù náà wà ní àhámọ́, kò gbọdọ̀ yọjú sí íńtánẹ́ẹ̀tì;
ohun tí n kò bá kó fún un, kò ní rí i yá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ìdánwò igba ó lé mẹ́tàlá ló yege.
Ọ̀kan kọ̀. Ọ̀kan yẹn ló jẹ Àlàmísì mi, ó jẹ Jímọ̀.
Àmì ìdánudúró kan ni wọ́n gbàgbé ní ìparí ìlà.

Nígbà tó dúró, mo fẹ́ tọ́ ọ wò.
Mo kọ tilé wa sílẹ̀ fún un:
Hàwáwù ló bí Sẹ̀mírátù.
Hàwáwù ló bí Yísà.
Ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó bá ní ìyá kan náà, ọmọ ìyá ni wọ́n.
Ta ni ọmọ ìyá Sẹ̀mírátù?
Ó ní: Yísà.
Mùfútàù ńkọ́, ṣé ọmọ ìyá rẹ̀ ni?
Ó ní: Rárá.

Kò purọ́. Bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn:
ohun tí a kò bá sọ fún un, kò sí láyé.
Èmi ni n ò kọ Mùfútàù sílẹ̀,
ẹni tó bá ọkọ̀ ìkòkò lọ sí Jẹ́bà lọ́dún tí mo wọ fásitì,
tí ọkọ̀ dé tí òun ò dé.
Ilé wa kì í dárúkọ rẹ̀.
Abọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí pẹpẹ, ìyá mi a máa nù ún.

Mo kọ ọ́ sí ìlà kẹta. Mo fi àmì ìdánudúró sí i.
Mo tún béèrè.
Ó ní: Yísà.
Mo tẹ bọ́tìnnì pé kò tíì tó.
Ó padà sí oríta, ó ní: Mùfútàù.

Ilẹ̀ mọ́, iná dé, mo fi ẹrù ránṣẹ́.
Ọ̀rọ̀ ilé wa kò sí nínú rẹ̀, mo yọ ọ́ kí n tó dì í;
orúkọ mi nìkan ló wà níwájú, orúkọ ẹni tí wọ́n máa bú bó bá fọ́.
Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Dàda.
Ìyá mi bi mí bóyá mo ti jẹun.
Mo ní, "Ìyá, ọmọ mélòó lẹ bí?"
Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìkòkò.
N kò kánjú.
Mo bu koríko, mo ń bá a dì í.