Àlejò Tí Kò Kanlẹ̀kùn

Ọyẹ́ wọ Ṣábẹ̀ẹ́ lóru àná.
Nígbà tí mo jí, òkè wa ti pòórá,
àpáta ńláńlá tó ń wo ilé wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀
di òjìji lẹ́yìn aṣọ.
Mo fi ìka kọ orúkọ mi sórí tábìlì,
ó hàn ketekete.

Bíọ̀, àbúrò bàbá mi, wò ó, ó rẹ́rìn-ín.
"Mo mọ eruku yìí," ló wí.
"Àgádésì la ti pàdé."

Ọdún méje ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ síbẹ̀:
iṣu ní àlọ, àlùbọ́sà àti dàbínù ní àbọ̀.
Ó ní ọ̀sán ibẹ̀ a máa dín ènìyàn bí àkàrà,
òru a sì mú kí eyín òkè máa lu ti ìsàlẹ̀.
Ó rí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan, kò ju ọmọ ológbò lọ,
etí rẹ̀ gbòòrò bí ewé kókò,
ó fi ń gbọ́ ìrìn kòkòrò lábẹ́ iyanrìn.
Àkeekèé sùn nínú bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.
Ràkúnmí?
Kò fẹ́ sọ̀rọ̀ ràkúnmí.
Ọ̀kan tutọ́ sí i lójú.

Ìyá mi ń nu àga, ó ń ráhùn:
"Ẹ máa pìtàn, èmi ni mò ń gbálẹ̀."
Ó gbọn àkísà lójú fèrèsé,
aṣálẹ̀ fò jáde,
ó tún gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Mo fi ahọ́n kan ètè mi tó ti là.
Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Eruku díẹ̀.
Ibi tí n kò dé rí
ti dé ẹnu mi.