Ogójì Ọjọ́ Nínú Yàrá Ìfọṣọ

Yìnyín bo Tartu mọ́lẹ̀,
odò Emajõgi ti gan, ó le bí pákó,
ìyá àgbà mi, Urve, sì gbé òkun wọlé nínú ọ̀rá.

Òkun tí kò ju ife mẹ́ta lọ,
tí wọ́n fi bébà wé bí ọmọ tuntun;
ẹja kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀,
ó pọ́n bí ìyeyè, ó rí pẹlẹbẹ bí àwo,
ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń wò mí
bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ní ìlú tí kò mọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo ti dé pálọ̀ ná,
mo ti ṣí ìdérí gíláàsì ńlá tó ń tàn bí ọ̀sán gangan.
"Ẹ dà á síbí, àwọn tó kù ń dúró dè é!"
Ó ní, "Kaarel, pa á dé."
Ó ní àlejò kì í ti ojú ọ̀nà bọ́ sórí ibùsùn.

Ó yẹ kí n mọ̀.
Lọ́dún tó ṣáájú, a kí ẹja aláwọ̀ aró kan káàbọ̀ láìbi í léèrè.
Ní ọjọ́ kẹta, ara rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n bu iyọ̀ wọ́n,
ó ń fi ẹ̀gbẹ́ gbo òkúta.
Ní ọjọ́ kọkànlá, òkú là ń kà.
Méje. Èmi ni mo di abọ́ mú.
Ilẹ̀ ìdí igi ápù le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi omi kẹ́tùlù rọ̀ ọ́
kí a tó rí ihò sin wọ́n sí.
Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ní ń gbé:
ọwọ́ ara wa la fi gbé e jókòó láàárín wọn.

Nítorí náà, yàrá ìfọṣọ.
Gíláàsì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ń fọ ìbọ̀sẹ̀,
kò ní iyanrìn, kò ní koríko,
àfi páìpù ike kan tí ẹja lè ki orí bọ̀,
àti irin kékeré tí ń mú omi lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́.
Òògùn bàbà ń kán sínú rẹ̀, tó, tó.
Bó bá kéré, kòkòrò á yè bọ́;
bó bá pọ̀, ẹja á bá a lọ.
Àárín méjèèjì ni ìyá àgbà kọ́ ilé sí,
ó ń gbé ìgò ìdánwò sókè síná,
ó ń wo àwọ̀ omi bí ẹni ń ka lẹ́tà.
Àwọ̀n tibí kò gbọdọ̀ dé tọ̀hún.
Ọwọ́ tó bọ ibí, kó fọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Mo ń fi ẹfun fa ìlà sára ilẹ̀kùn, ìlà kan lójúmọ́.
Ní ọjọ́ kejìlá, àmì kan yọ létí lẹbẹ rẹ̀,
kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.
Ìyá àgbà mú aṣọ ìnuwọ́, ó nu gbogbo ìlà mi nù,
ó fa ẹyọ kan tuntun.
Mo sunkún. Mo pè é ní òǹrorò.
Kò dáhùn. Ó fa àga, ó jókòó ti ẹja náà,

ó sì sọ ohun tí n kò gbọ́ rí:
pé ọmọ ọdún mẹ́fà lòun nígbà tí àrùn ọ̀fun mú òun,
tí wọ́n ti òun mọ́ yàrá kan ní ilé ìwòsàn,
pé ìyá òun ń wá dúró nínú yìnyín lójoojúmọ́
lẹ́yìn fèrèsé, yóò mí sára gíláàsì,
yóò fi ìka ya ológbò síbẹ̀.
Ológbò náà a máa parẹ́ kí òun tó ka irùngbọ̀n rẹ̀ tán.
"Mo rò pé wọn kò fẹ́ mi mọ́ ni,"
ló wí. Ẹja ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi.

Nígbà tí ìlà pé ogójì, a pa iná pálọ̀.
Ó tú u sílẹ̀ nínú òkùnkùn, kí àwọn onílé má baà bá a jà.
Mo gbọ́ tí omi dún lẹ́ẹ̀kan, kékeré.
Ilẹ̀ mọ́, ó ti wà lẹ́bàá òkúta, ó ń já ewé òkun jẹ
bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Ìyá àgbà kò sí ní pálọ̀.
Mo bá a ní yàrá ìfọṣọ, níwájú gíláàsì òfìfo,
ó ti fi ìka ya nǹkan kan sára rẹ̀.
Kò wẹ̀yìn. Ó ní,
"Ṣé o ti fọ ọwọ́?"