Àsíá Aláwọ̀ Ewé

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dúró ní gáà Ṣábẹ,
tí mo ń gbé àsíá aláwọ̀ ewé sókè
kí ọkọ̀ ojú irin lè gbéra.
Àwọn tó ń lọ sí Paraku gbéra.
Àwọn tó ń sọ̀ lọ sí Kutọnu gbéra,
tàwọn ti àpò iṣu, tàwọn ti ewúrẹ́.
Èmi nìkan ni n kì í bá wọn lọ.
Nígbà tí irin dákẹ́, tí koríko hù láàárín ọ̀nà rẹ̀,
mo ká àsíá mi, mo kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

Abẹ́ ìrọ̀rí yẹn náà ni mo fi ìpè Ọlọ́run sí.

Kì í ṣe ààrá ló fi pè mí, ẹ má rò bẹ́ẹ̀.
Òkúta ni mò ń ṣà kúrò nínú ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé,
ó wá dà bí ẹni pé ẹnì kan fọwọ́ kàn mí léjìká:
*Bíọ̀ katekísì ti kú ní Ìdí-Àyìn.
Ta ni yóò kàwé fún wọn?*
Mo wẹ̀yìn. Adìyẹ ni mo rí.
Mo bá ẹ̀wà mi lọ.

Bẹ́ẹ̀ Ìdí-Àyìn kò jìnnà.
Ẹ sọdá Ọ̀kpárà, ẹ kọ òkè Ṣábẹ sẹ́yìn,
kí oòrùn tó kan àtàrí, ẹ ti débẹ̀.
Lásìkò òjò, mo ní odò ti kún, ọkọ̀ wọn ń jò.
Ọyẹ́ dé, mo ní eruku ń ta mí lójú.
Kajú so, mo ní ẹ jẹ́ kí n kó o tán.
A kó kajú tán, mo ní orúnkún.
Mo tún ní Fẹlisité ọmọ mi fẹ́ ṣèdánwò,
àfi bí ẹni pé èmi ni wọn yóò bi ní ìṣirò.
Àgbéké, tó ń wọn iyọ̀ sínú ọ̀rá, kò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Odò tí o ní kó gbẹ yìí,
ẹja inú rẹ̀ ti rí ọmọ-ọmọ."

Ọjọ́ Sátidé kan ni Ṣàbí wá ra iyọ̀,
ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ, eruku dé e lórúnkún.
Mo kàn ní kí n rí nǹkan sọ ni:
Ṣé ẹ ṣì ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì yín?
"Èmi ni mò ń lu rímù.
Wọ́n á wá. Ìyá àgbà á gbé àpótí tirẹ̀ dání.
Ìwé wà lórí tábìlì, ó ṣí sílẹ̀ síbi tí bàbá kà á dé.
A ó máa wò ó.
Tó bá pẹ́ díẹ̀, a ó ṣe àmín, a ó lọ sílé."
Ìwọ ńkọ́, o kò lè kà á ni?
"Faransé ni wọ́n ń kọ́ wa. Ìwé yẹn, Yorùbá ni."
Kò ráhùn. Ó ka ṣéńjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ.

Mo sùn, n kò sùn.
Ìrọ̀rí le bí ọlọ.
Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo fa àsíá náà yọ,
ikán ti jẹ ẹ́ létí,
mo sì gbé e sókè nínú òkùnkùn yàrá, bí ẹni orí rẹ̀ dà rú.
Àgbéké fi ojú oorun béèrè:
"Ọkọ̀ wo ló ń lọ?"
Mo ní, èmi ni.

Ẹ̀rù ò kúrò lára mi o. Ẹ̀rù bá mi wọkọ̀ odò,
a jọ gbọ́n omi rẹ̀ dànù.
Orúnkún tí mo fi parọ́ wá dùn mí ní tòótọ́.
Mo ti ń gbọ́ rímù Ṣàbí láti ìdí oko ẹ̀gúsí:
ó ń lù ú bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni.

Wọn kò kí mi káàbọ̀ bí àlejò.
Ìyá àgbà sún àpótí rẹ̀ díẹ̀, ó ní kí n má dí ìmọ́lẹ̀.
Eruku bo ojú ìwé.
Mo fọwọ́ nù ún, mo wá ibi tí Bíọ̀ dé:
àárín gbólóhùn ni.
Mo wú ikọ́. Ohùn mi há.
Láti àárín gbólóhùn náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀.