Ìṣó Mẹ́rin

Nígbà tí Ìyá Ikúọmọlà kó dé ọ̀dọ̀ wa ní Apákè,
báàgì kan ni wọ́n gbé, àti igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi inú ọkọ̀.
Mo ní, "Ìyá, ẹ ò ní nílò ìyẹn níbí.
Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí. Okùn kànga wa gùn ju ẹjọ́ ilẹ̀ lọ."
Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé igbá náà kọ́.

Ọmọ́yẹni, ìyàwó mi, ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀
pé òkun ló jẹ ilé ìyá òun ní Ìlàjẹ.
Ó kọ́kọ́ jẹ ibi tí wọ́n ń sá ẹja sí, ó jẹ ṣọ́ọ̀ṣì,
ó jẹ ibojì bàbá wọn,
kó tó wá kan ilẹ̀kùn
bí àlejò tó ti mọ orúkọ gbogbo ará ilé.
Mo gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn inú rédíò.
Birikilà ni mí. Ilẹ̀ tó le ni mo mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí Ìyá fi kan ìṣó mẹ́rin
mọ́ ògiri tí mo fọwọ́ ara mi rẹ́.
Bàtà lórí ìṣó. Bíbélì nínú ọ̀rá, lórí ìṣó.
Ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, fọ́tò olóògbé ọkọ wọn,
gbogbo ẹ̀ so rọ̀ bí àdán.
Ẹ̀ẹ̀rùn ni o! Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè ń ya,
ewé kaṣú ń ró pàrapàra lẹ́yìn ilé,
Ìyá sì ń bi mí lálaalẹ́ kí wọ́n tó sùn pé,
"Níbo lomi dé?"

"Ó wà nínú àmù, Ìyá."
Akínsọlá, ọmọ wa, á bú sẹ́rìn-ín.
Bàbá Ọláwọrẹ tó ń gbé ọ̀kánkán wa
ní omi ò lọ́tàá, kí ni wọ́n ń sá fún?
Ìyá ní, "Òótọ́ ni. Kò lọ́rẹ̀ẹ́ náà."

Wọ́n máa ń lọ dúró létí odò ẹ̀yìn ilé,
odò tí a ò tilẹ̀ sọ lórúkọ,
tí à ń pè ní gọ́tà, tí à ń da èèpo ẹ̀gẹ́ sí.
Èmi náà da búlọ́ọ̀kù fífọ́ sí i.
Ẹ jẹ́ n sòótọ́: bárò mẹ́ta.
Ìyá á ki igi bọ̀ ọ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á wò ó.
Wọn ò ní sọ nǹkan kan.

Oṣù kẹsàn-án, ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì, lòjò náà bẹ̀rẹ̀.
N ò ní purọ́ pé mo jí. Ìyá ló jí mi.
"Ọkọ ọmọ mi, dìde. Ilẹ̀ ti tutù."
Mo sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, omi mu mí dé kókósẹ̀.
Kò pariwo. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nìyẹn.
Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.
Sìmẹ́ǹtì báàgì méjìlá mu ún yó;
kó tó dọjọ́ kẹta, wọ́n ti di òkúta.
Ìwé ilẹ̀ tí mo tọ́jú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì di ẹ̀kọ.
Ohun tó wà lórí ìṣó, kò fara kàn án.
Igbá la fi gbọ́n ọn, igbá kan, èèyàn mẹ́rin, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Bàbá Ọláwọrẹ jókòó sórí tábìlì,
ewúrẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn ìjọba wá ya fọ́tò. Wọ́n ní a kọ́lé sójú omi.
Èmi tí mo kọ́ méje nínú àwọn ilé ọ̀hún,
ilẹ̀ ni mò ń wò.

Mo bi Ìyá bóyá ká kó lọ.
"Lọ sí ibo? Ibí ni mo kó wá."

Òjò ti ń ṣú báyìí.
Nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, Akínsọlá dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ńṣì,
Ìyá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú,
wọ́n ń kọ́ ọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́,
ọwọ́ ọmọ náà sì ń gé afẹ́fẹ́,
ó ń gé e, ó ń gé e.