Ìwé Orúkọ ní Ìwòpin

Omi ọ̀sà wọlé láìkanlẹ̀kùn.
Mo gbé bírò dé ilé-ìwé tí wọ́n sá sí:
"Ta ni baálé yín?"
Ẹfúnyẹmí ní, "Ó wà ní Kútọnu, ọdún kẹta rèé.
Èmi ni mo pọn ìyá rẹ̀ la omi kọjá."
Mo fa ìlà síbẹ̀.
Ìrẹsì dé;
ta ní í pe ìlà lórúkọ?

Lóru, ìtọ̀ ń gbọ́n ọmọbìnrin rẹ̀.
Ṣáláńgá wà lẹ́yìn pápá, nínú òkùnkùn,
àwọn ọkùnrin ń fa sìgá lẹ́nu ọ̀nà.
Ó mú un mọ́ra títí ilẹ̀ fi mọ́.
"Ẹ ò bá ti bi wá kí ẹ tó gbẹ́ ẹ."
Kò tilẹ̀ pariwo.

Mo ya ìwé yẹn.
Mo wá káfíńtà lọ:
inú ni kó kan ìdábùú sí,
kì í ṣe ìta.